Kóró Mọ́kànlá àti Fáìlì Bàbá Mi

Àwọn kan ní ojú ni ìfẹ́ ń gbà wọlé. N kò bá wọn jiyàn. Tèmi gba inú àpò ṣòkòtò wọlé, àpò náà sì ya.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju yàrá kan lọ: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì ìgéṣọ tí bàbá mi kàn fún mi, dígí gígùn kan, àti àga tí àwọn oníbàárà fi ń jókòó sọ ohun tí wọn kò lè sọ nílé. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, n kò sì tíì lọ́kọ. Àwọn oníbàárà mi a máa fi ojú wọ̀n mí láti òkè délẹ̀ bí èmi náà ṣe ń wọ̀n wọ́n, àfi pé èmi ní tépù lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkùnrin gíga kan tí ṣọ́ọ̀kì ti kun apá ẹ̀wù rẹ̀ gbé ṣòkòtò eléérú kan wá.

"Àpò rẹ̀ ń jò," ó wí.

"Ó ń jò kẹ̀? Ṣé omi lẹ ń rọ sínú rẹ̀ ni?"

"Rárá o, Ọ̀gá Aránṣọ. Ohunkóhun tí mo bá kó síbẹ̀, inú bàtà ni mo ti ń bá a."

Mo rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ kéèyàn rẹ́rìn-ín nítorí àpò lọ. Ó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní òpópónà kejì sí wa, Tíṣà ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣì ń pè é dòní.

Nígbà tí mo tú àpò náà, àwọn nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ kan já bọ́ láti etí rẹ̀. Ìgbẹ́ eku ni mo pè é. Mo pariwo, mo gbá gbogbo rẹ̀ jáde pẹ̀lú àkísà àti òwú, mo sì fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó padà wá gbé ṣòkòtò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí àwọn kóró dúdú kan níbẹ̀?"

N kò mọ irọ́ pa. "Mo rí wọn. Mo rò pé eku ló yàgbẹ́ sí ṣòkòtò yín ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó ṣàlàyé pé kóró òdòdó ni, òdòdó onítàkùn tó máa ń gun igi, tó ń ṣí láàárọ̀ tó sì ń pa dé kí oòrùn tó mú. Ọdún kan péré ni ìtàkùn náà ń lò láyé. Á hù, á gùn, á tanná, á so kóró, á sì kú. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ti kọ́kọ́ kọ́ni ló ti ká a, láti ìgbà náà ló sì ti ń gbìn ín láti ibi iṣẹ́ kan dé ibi iṣẹ́ kejì. Èyí tó wà nínú àpò yẹn nìkan ló kù.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Àwa méjèèjì kúnlẹ̀ lẹ́yìnkùlé, a ń tú ààtàn mi wò, àkísà kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, kóró mọ́kànlá la rí. Ó kà wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mọ́kànlá," ó wí. "Ó tó gbìn."

Mo sọ fún ọkàn mi pé kó jókòó jẹ́ẹ́. Ọkàn mi kò gbọ́.

Láàárín oṣù márùn-ún tó tẹ̀ lé e, kò sí ṣòkòtò tí Tíṣà ní tí àpò rẹ̀ kò ya. Nígbà tó gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹfà wá, mo gbé e sí ojú iná, mo wo ojú ibi tó ti ya.

"Tíṣà, ohun tó bá ya fúnra rẹ̀ kì í tọ́ báyìí. Sísọ́ọ̀sì ló ṣe èyí."

Ó wo ilẹ̀. "N kò ní àwíjàre kankan. Ṣòkòtò mi ti tán. Bí n kò bá sọ ohun tó wà lọ́kàn mi lónìí, aṣọ ìbora ni n ó gbé wá lọ́la."

Ó sọ ọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó wò, bẹ́ẹ̀ mo ti rò ó tán kí ó tó ya àpò kejì.

Ó wá ku bàbá mi.

Káfíńtà ni bàbá mi, kì í sì í ṣe káfíńtà kékeré. Àga tí ó bá kàn, ọmọ-ọmọ ẹni tó rà á ni yóò jókòó gbó o. Lẹ́yìnkùlé wa, iṣẹ́ kan wà tí kò fi ṣe títà. Ó gé pákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó kàn wọ́n pọ̀ níbùú lóòró títí wọ́n fi dà bí àwọ̀n, ó sì gbé e ti ògiri. Ìyá mi ló ní kó kàn án, kí òun lè gbin nǹkan tí yóò gùn ún. Ọdún náà ni ìyá mi kú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ni mí. Láti ìgbà náà, Bàbá a máa fi epo pa pákó náà lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbin ohunkóhun sí ìdí rẹ̀. Àwọ̀n Ìyá là ń pè é.

Nígbà tí Tíṣà wá kí Bàbá, Bàbá jẹ́ kó jókòó, ó fún un ní tíì, ó sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó ká a lára.

"Ọdún mélòó ni ìwé iṣẹ́ rẹ?"

"Ọdún kan ni, Bàbá. Bó bá parí, wọ́n lè tún un ṣe. Wọ́n sì lè ní kí n lọ sí ibòmíràn."

"Ọdún kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni mo ti dé."

Bàbá mi sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló yí àga tí Tíṣà jókòó lé sódì, ó mi ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó ti yẹ̀. Kò yẹ̀.

"Ọmọ dáadáa ni," ó wí. "Ó lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ọlọ́dún kan ni. N kò lè fi ọmọ mi fún ohun tí yóò parí."

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo rán apá òsì mọ́ apá ọ̀tún lára ẹ̀wù oníbàárà. Kì í ṣe pé mo ń bínú sí Bàbá nìkan. Ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n bá gbé Tíṣà lọ lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ṣé èmi náà á máa ká ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ́dọọdún bíi kóró inú àpò? Mo bi ara mi lẹ́ẹ̀kan, mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì yà mí lẹ́nu bí ìdáhùn náà ṣe yá tó.

Mo bá ké sí Àǹtí Agbẹ̀bí. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni, òun ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú ìyá mi. Ogójì ọdún ló fi gbẹ̀bí, ó sì gbà pé kò sí ohun tó há láyé yìí tí kò ní jáde bí a bá rọra tì í. Ó dé lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú àpò rẹ̀ dúdú, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yin Tíṣà, títí kan òdòdó ọlọ́dún kan tó ń tọ́jú. Bàbá ń fi pépà oníyanrìn ha pákó kan lọ, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó sú u, ó nàka sí Àwọ̀n Ìyá.

"Ṣé ẹ rí ìyẹn? Ọdún kejìlélógún rẹ̀ rèé. Òjò kò rà á, ìkán kò jẹ ẹ́. Ohun tó ń pẹ́ nìyẹn. Kí Tíṣà yín lọ fi òdòdó rẹ̀ tó máa ń kú yẹn tanná sórí rẹ̀ ná, kó tó wá bá mi sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi!"

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀ fífọ́ ní ń fọ́. Èyí tí Bàbá mi jù sílẹ̀ yìí, Àǹtí ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀ dè é.

"Ó ti tán," ló wí. "Bó bá tanná, kó wá sọ̀rọ̀. Mo gbọ́, ọmọ yín náà gbọ́. Dìgbà wo?"

"Kí ni mo sọ?"

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin kì í yí ọ̀rọ̀ yín padà. Ìgbà wo?"

Bàbá wo èmi, ó wo àbúrò rẹ̀, ó rí i pé òun ti kó sí i. "Kó tó di ọjọ́ tí mo bá pé àádọ́rin ọdún," ó wí. Oṣù mẹ́ta géérégé ló kù.

Tíṣà dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú kóró mọ́kànlá nínú àpòòwé, ife omi kan, àti abẹ ìfárí. Ó sọ fún mi pé awọ kóró náà le, pé èèyàn gbọ́dọ̀ ha á díẹ̀ kó tó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí omi lè ríbi wọlé. Ó ní kì í ṣe ohun jíjẹ o, kí n má fi sẹ́nu. Ó wá jókòó sí àtẹ̀gùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ ha wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́, abẹ yọ̀. Ìgbà kejì, ó gé e lọ́wọ́.

Bàbá mi ń wò láti ojú fèrèsé. Ó lè fara da ọkùnrin tí kò níṣẹ́ tó ń pẹ́, ṣùgbọ́n kò lè fara da ẹni tó ń lo irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó jáde síta.

"Kí nìyẹn? Ṣé ìka rẹ lo fẹ́ gbìn ni?"

Ó padà wọlé, ó sì mú fáìlì rẹ̀ tó kéré jù lọ jáde, èyí tó fi ń pọ́n eyín ayùn. Ó fi ìka méjì di kóró kan mú.

"Ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀, Bàbá," ni Tíṣà wí. "Ibẹ̀ ló ti máa hù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ ha."

"Níbí?"

"Níbẹ̀ gan-an. Tí ẹ bá ti rí funfun, ó tó."

Bàbá fi fáìlì kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì jù ú sínú ife. Kò dúró títí ó fi ha mọ́kànlá tán. Lẹ́yìn náà ló rántí pé ọ̀tá lòun, ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀.

"Kì í ṣe pé mo bá ọ ṣe é o. Fáìlì mi ni n kò fẹ́ kó bàjẹ́."

A gbìn wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Bàbá lọ gbé ilẹ̀kùn fún ẹnì kan. Ìdí Àwọ̀n Ìyá gan-an la gbìn wọ́n sí, nítorí òdòdó yìí kì í fẹ́ kí a tu òun láti ibi tó ti hù lọ síbòmíràn. Mo béèrè bóyá kí n wá ajílẹ̀.

"Rárá o," Tíṣà wí. "Bí oúnjẹ bá pọ̀ jù fún wọn, ewé nìkan ni wọ́n á máa hù. Ebi díẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n tanná."

Mẹ́sàn-án ló hù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àkọ́kọ́ nínú wọn ti na orí, ó ń fì síbí sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń wá ọwọ́ dì mú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a tó ti dì mọ́ pákó ìsàlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bàbá dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Ó pẹ́ kó tó kúrò níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Tíṣà ń wá bomi rin wọ́n. Lásìkò yìí ló dẹ́kun fífi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó sì pè mí ní "ìwọ", mo da omi sí ara mi lẹ́sẹ̀. Ìtàkùn náà gùn dé àárín, ó gùn dé òkè. Ewé wọn tóbi, wọ́n dú, wọ́n sì ń dán. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ní kò sí irú wọn. Ṣùgbọ́n oṣù kan ló kù, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù, kò sì sí ìrudi kankan. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bu erùpẹ̀ ìdí wọn, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà ilé, níbi tí sálúbàtà Bàbá wà. Ó sì gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Kí lẹ rí?" mo bi í.

"Ilẹ̀ náà lọ́ràá ju bí mo ṣe rò lọ," ó wí. Ó gbé ike omi rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí Bàbá pé àádọ́rin pé. Àǹtí Agbẹ̀bí gbé kéèkì wá. Bàbá gbé àga rẹ̀ síwájú Àwọ̀n Ìyá, ó wọ ẹ̀wù funfun tí mo rán fún un, gbogbo wa sì wo òkè. Ewé bo pákó látòkè délẹ̀. Òdòdó kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀.

"Ewé náà dára," Àǹtí wí.

Mo ti rò pé inú Bàbá yóò dùn, ó kéré tán díẹ̀. Ojú rẹ̀ kò dùn rárá. "Kí ló dé?" ló béèrè, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Kí ló dé tí kò tanná?"

Tíṣà dìde dúró. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọwọ́ mi ni nǹkan náà wà, èmi ló yẹ kí n ṣọ́ ilẹ̀ náà dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ, n kò ní yẹ̀ ẹ́." Ó kí Bàbá kú ọjọ́ ìbí, ó kí Àǹtí, ó mú àpò rẹ̀, ó sì ń lọ sí ẹnu géètì.

Mo sáré tẹ̀ lé e. Inú bí mi, ó sì dùn mí, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù. "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa lọ? Ẹ kò tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i?"

"Bàbá rẹ ló lọ̀rọ̀."

"Èmi ńkọ́? Ta ló ni èmi?"

Ó wo ojú mi, omi ti wà lójú tirẹ̀. Kó tó dáhùn la gbọ́ ohùn lẹ́yìn wa.

"Tíṣà! Dúró níbẹ̀."

Bàbá mi ń bọ̀ pẹ̀lú abọ́ kékeré kan lọ́wọ́. Òórùn abọ́ náà ṣáájú rẹ̀ dé. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú wa bí ẹni tó ń gbé ẹ̀rí kalẹ̀ ní kóòtù.

"Ìgbẹ́ adìyẹ ni," ó wí. "Ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ń fún wọn. Ọ̀rẹ́ mi tó ń sin adìyẹ ló ń bù ú fún mi. Mo rò pé bí wọ́n bá yó, wọn á tètè tanná."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O mọ̀?"

"Mo rí i lára sálúbàtà yín."

"Kí wá ló dé tí o fi gbé ẹ̀bi náà rù?"

Tíṣà rọra sọ ọ́: "Ẹni tó ń bọ́ nǹkan lóúnjẹ, ó fẹ́ kó yè ni. Ìyẹn ti tó fún mi. N kò fẹ́ kí ojú tì yín lọ́jọ́ ìbí yín."

Àǹtí Agbẹ̀bí ti dé ẹ̀yìn wa, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí o! Ọ̀tá ní pálọ̀, olùtọ́jú lẹ́yìnkùlé! Àti pé mo ti ń sọ ọ́ pé ilé yìí ń rùn bí ilé adìyẹ, bẹ́ẹ̀ a ò sin adìyẹ kankan."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Èmi ló kọjú sí. "Ìyá rẹ ní òun yóò gbin nǹkan sí i bó bá di ọdún tó ń bọ̀. Kò rí ọdún tó ń bọ̀. Láti ìgbà náà ni n kò ti fẹ́ kí ohun tó lópin sún mọ́ ibẹ̀, tàbí kó sún mọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ tí mo rí i tó dì mọ́ pákó mi, ẹ̀rù bà mí kó má kú. Ni mo bá ń fún un jẹ."

N kò tíì gbọ́ kí bàbá mi sọ tó bẹ́ẹ̀ nípa ìyá mi rí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú gbogbo òórùn náà.

"Àṣejù, baba àṣetẹ́," Àǹtí wí, ṣùgbọ́n ó rọra wí i. "Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún wá ńkọ́?"

"Ẹni tó ba iṣẹ́ jẹ́ kò lè fi iṣẹ́ náà dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́," Bàbá dáhùn. "Tíṣà, kí la máa ṣe sí i?"

"Kò sí nǹkan tí a máa ṣe, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí ebi pa wọ́n díẹ̀."

Iṣẹ́ tó le jù tí bàbá mi ṣe láyé rẹ̀ nìyẹn. Ó gbé abọ́ náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà. Bó bá jí láàárọ̀, á káwọ́ sẹ́yìn, á wo ewé náà, á sì wọlé. Òjò rọ̀, ó fọ ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀ létí, ni ìrudi bá yọ, ó lọ́ pọ̀ bí orí abẹ́là.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Bàbá ni. Ẹsẹ̀ lásán ló wà, ó ń mí hẹlẹ.

"Jáde wá wò ó."

Mo tẹ̀ lé e. Òdòdó mẹ́fà ló ṣí lórí Àwọ̀n Ìyá, àwọ̀ aró, ọ̀fun wọn funfun, ìrì sì wà lára wọn. Bàbá kò wò mí. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn bó ṣe máa ń fọwọ́ kan pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá tán, ó sì wò ó bí oòrùn ṣe ń yọ lórí ògiri.

"Kí lo ń dúró ṣe?" ó wí. "Sáré lọ pe ọkọ rẹ, kí wọ́n tó pa dé."

Mo sáré. N kò rántí wọ bàtà.

A ṣe ìgbéyàwó kí ìtàkùn náà tó gbẹ. Ilé Bàbá là ń gbé, nínú yàrá méjì tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì gbé ọ̀kan nínú ẹ̀rọ mi wá síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ewé rọ tán, a ká kóró wọn, wọ́n kún agolo ìpara kan. Bàbá fi epo pa àwọn pákó náà, ó sì mọ̀ pé ewé kò ní pẹ́ tún bò wọ́n.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ tún gbìn, Bàbá jókòó sí àtẹ̀gùn pẹ̀lú fáìlì kékeré, ó ń ha ẹ̀yìn kóró. Tíṣà wọlé dé láti ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Mo mọ ìwé náà. Mo dá ẹ̀rọ mi dúró láti gbọ́.

"Wọ́n tún un ṣe fún mi, Bàbá."

"Ọdún mélòó?"

"Ọdún kan."

Bàbá gbé kóró kan sókè sí ojú oòrùn, ó rí funfun ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì jù ú sínú ife.

"Ó dára," ó wí. "Jókòó, mú fáìlì kejì. Èyí tó kù pọ̀."